Ilé Ìsinmi Orí Ṣọ́ọ̀bù

Nígbà tí Kọ́láwọlé ti ìlú òyìnbó dé, kò sí ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó wù ú láti wò. Bó bá ń wa ọkọ̀ kọjá ládùúgbò, á máa bú ilé onílé láti ojú fèrèsé mọ́tò: èyí wọ́, èyí dà bí àpótí ọṣẹ, ẹni tó kọ́ èyí ń tòògbé ni. Agbo ilé ló kórìíra jù. Ó ní kí ló dé tí odidi ìdílé á máa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo wọlé, tí wọ́n á máa wo ara wọn lójú láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní níbi tí òun ti kàwé, ènìyàn lè gbé inú ilé kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ọ̀run.

Iṣẹ́ akítẹ́ẹ̀tì ló kọ́ lọ́hùn-ún. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ìdí sì nìyí tí ẹgbẹ́ ìlọsíwájú kan nílùú náà fi ránṣẹ́ pè é lọ́dún 1987 pé kó wá ya àwòrán ilé kan fún àwọn.

Díákónì Adéríbigbé ni alága ẹgbẹ́ yìí. Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun. Ìyá rẹ̀ ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá yìí a máa tẹ́ ẹní síwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, a máa bó ẹ̀gúsí níbẹ̀, a sì máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí kan àwọn tó gbé mọ́tò ńlá wá kí ọmọ rẹ̀. Ojú ń ti Díákónì. Ó dìde ní ìpàdé, ó sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti ìtọ́jú àwọn àgbà títí àwọn kan fi ń nu ojú. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn arúgbó ìlú, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ohun tó bá ń wọlé láti ṣọ́ọ̀bù máa bọ́ àwọn tó wà lókè. Àwọn tó mọ ilé rẹ̀ mọ ibi tí ìfẹ́ náà ti ń bọ̀.

Kọ́láwọlé kó àwòrán wá. Ó tún fi páálí kọ́ ilé kékeré kan tó ṣeé gbé sórí tábìlì, ó fi kànrìnkàn ṣe igi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì yí i ká bí ọmọdé tó rí kéèkì. Ó ṣàlàyé pé inú lọ́hùn-ún ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù yóò kọjú sí, sínú gbọ̀ngàn kan tí a fi òrùlé bò, kí oníbàárà máa rìn nínú òjìji. Ìhà ọ̀nà kò ní ní ilẹ̀kùn, ògiri funfun nìkan ni, torí ariwo ọ̀nà kò dára fún etí àgbà. Lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ẹnì kan sí yàrá kan. Gíláàsì ojú fèrèsé kò ní ṣeé ṣí, torí ẹ̀rọ amúlétutù á wà. Kò sí ilé ìdáná, nítorí wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá láti ìta. Lifti á máa gbé àwọn àgbà lọ sókè sódò. Ó fi àtẹ̀gùn kan há kọ̀rọ̀ kan, tóóró, ó ní kò sẹ́ni tí yóò gùn ún níwọ̀n ìgbà tí lifti bá wà.

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè ibi tí àwọn àgbà yóò máa jókòó sí nírọ̀lẹ́ tí wọ́n á ti máa rí èrò. Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí dókítà ń rín bí aláìsàn bá ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní yàrá ìgbafẹ́ wà lókè, àga ìrọ̀gbọ̀kú á wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n náà á wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilé náà parí lọ́dún 1988, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Igbó. Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n yá jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, lifti ṣiṣẹ́, àwọn àlejò pàtàkì ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gun jangirọ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, onínǹkan wá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Iná ìjọba ní tirẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú, agbára rẹ̀ kò sì gbé lifti. Láti ọjọ́ náà ni lifti ti dúró sókè, ilẹ̀kùn rẹ̀ là díẹ̀.

Àwọn oníṣòwò wá wo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yí ká gbọ̀ngàn náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mùnírù, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lábẹ́ àtíbàbà ní òdìkejì ọ̀nà, béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ Díákónì: "Bí mo bá wọ ibẹ̀ lọ, ta ni yóò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?" Díákónì ní kí ó fi ọ̀làjú kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mùnírù padà sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀.

Àwọn àgbà náà kò wá. Ìyá Díákónì gan-an, lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù rẹ̀, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e sí abíyá, ó sì lọ sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin láì bá ẹnikẹ́ni jà. Kò padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn, àwọn akítẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Kọ́láwọlé sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í pé báwo ni ilé àwọn arúgbó tí kò ní arúgbó. Ìgbà yìí ló rántí pé òun ní ìyá.

Màmá Oyèrónkẹ́ ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, gbogbo àdúgbò Owódé ní Ọ̀yọ́ sì ń pè wọ́n ní Màmá Tíṣà. Ilé ilẹ̀ kékeré ni wọ́n ń gbé, àga wọn kì í sì í kúrò níwájú ìta bí oòrùn bá ti rọ̀. Wọ́n fi yàrá kan háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí àwọn wọ̀nyí bá sì ń kọjá, Màmá a máa tún òyìnbó ẹnu wọn ṣe lórí ìdúró. Orúnkún nìkan ló ń yọ Màmá lẹ́nu.

Kọ́láwọlé dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣe mọ ohun tó dára. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa gbé níbẹ̀, Màmá. Bí wọ́n bá rí yín, àwọn tó kù á wá."

"Ṣé nítorí orúnkún mi ni, àbí nítorí orúkọ rẹ?"

Kọ́láwọlé ní nítorí méjèèjì ni. Màmá mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé ló ti ń fọ́nnu, Màmá kò sì tíì wọ ilé kankan tó yà rí. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí owó ilé ìwé náà rà. Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì bá a lọ.

Bí Màmá Tíṣà ṣe dé, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí wá lóòótọ́, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà lókèèrè tàbí tí kò ní ọmọ rárá. Ẹgbẹ́ gba nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Títílọlá láti máa tọ́jú wọn. Nínú àwọn tó wá ni Bàbá Joseph wà. Tamale ní Gáná ni Bàbá ti ta aṣọ nígbà èwe wọn títí di ọdún tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àjòjì, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú àpótí kan. Ọmọ àbúrò wọn kan, obìnrin, ló kù wọ́n kù lórí ilẹ̀ ayé. Ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì ti kọ̀ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ló gbé Bàbá gòkè lórí àga, wọ́n ń dúró mí ní gbogbo igun, àtìgbà tí wọ́n sì ti gbé wọn dókè, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tún gbé wọn sọ̀kalẹ̀.

Ooru ló ń gbé òkè náà. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ṣèlérí kò dé, gíláàsì kò sì ṣeé ṣí, ni oòrùn bá ń wọlé láti àárọ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde. Oúnjẹ tó ń ti ìta bọ̀ ń tutù lórí àtẹ̀gùn. Nínú yàrá ìgbafẹ́, àwọn àga tò gba ara ògiri bíi ti ilé ìwòsàn, tẹlifíṣọ̀n sì dákẹ́. Fèrèsé Bàbá Joseph kọjú sí ògiri ilé kejì. Bàbá á wo ògiri náà títí, wọ́n á wá yí sí Màmá Tíṣà tó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Màmá Tíṣà, ṣé àwọn ènìyàn ṣì ń kọjá nísàlẹ̀?"

Ohun tó fa ìrìn ìrọ̀lẹ́ Màmá nìyẹn. Wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á fi orúnkún tó ń dùn wọ́n sọ àtẹ̀gùn tóóró náà kalẹ̀, wọ́n á yí kúrò lẹ́yìn ògiri funfun, wọ́n á dúró létí ọ̀nà bí ẹni ń dúró de mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gòkè lọ ròyìn fún Bàbá: lọ́rì iṣu kan tó takú, obìnrin kan tó ń bá ẹran rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bọ́ bàtà kó má baà dọ̀tí. Bàbá Joseph á béèrè irú aṣọ tí obìnrin ẹlẹ́ran náà ró. Bí Màmá kò bá kíyè sí i, ó máa ń dun Bàbá, nítorí náà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí aṣọ.

Kọ́láwọlé wá lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ya ògiri, ó ya gbọ̀ngàn, ó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí arúgbó kan yọ jáde, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà wọlé díẹ̀. Màmá sọ ti fèrèsé fún un, wọ́n sọ ti lifti, wọ́n sọ ti Bàbá Joseph. Ó ń gbọ́, ó sì ń wo aago ọwọ́.

"Màmá," ó ní, "irú ilé báyìí, àgbà ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀ ni."

Màmá wò ó. Wọ́n ti kọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọ ní ìwé, wọ́n sì mọ ojú ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ ṣùgbọ́n tó ti na ọwọ́ sókè láti dáhùn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sán kan tí ooru mú gan-an, Bàbá Joseph kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Títílọlá ló bá wọn, ojú wọn kọ sí fèrèsé. Ọmọ àbúrò Bàbá wá pẹ̀lú àwọn ará ìjọ àti pósí. Pósí òfìfo náà gòkè nítorí pé wọ́n gbé e lóòró, bí ẹni gbé àkàbà. Wọ́n wẹ Bàbá, wọ́n wọ aṣọ fún wọn, wọ́n tẹ́ wọn sínú pósí, wọ́n kọrin ìsìn, wọ́n sì gbé wọn dé igun àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni pósí há sí. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n gbé e sókè, ó kan àjà. Òkú wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni kò lè nà án ró lóòró. Ògiri ti bó ọ̀dà ara pósí, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú, orin sì ti dá.

Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn arúgbó nìyí. Ẹni tó yà á rántí ibi tí wọ́n á gbé ewéko sí nínú gbọ̀ngàn, kò rántí pé arúgbó a máa kú.

Wọ́n gbé pósí padà sí yàrá, wọ́n gbé Bàbá Joseph jáde nínú rẹ̀. Mùnírù ti gòkè wá láti òdìkejì ọ̀nà nígbà tó gbọ́ igbe. Ó bọ́ fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé Bàbá lé òun lẹ́yìn. Ọmọ àbúrò Bàbá tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe pọn Bàbá Joseph sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ lára ògiri, tí Màmá Tíṣà ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé bàtà kan tó bọ́ lẹ́sẹ̀ òkú náà.

Díákónì Adéríbigbé dúró nísàlẹ̀. Ó ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni, ó sì bẹ àwọn tó wà níbẹ̀ kí wọ́n má gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, nítorí orúkọ ẹgbẹ́. Kọ́láwọlé ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn láti Ìbàdàn.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, Màmá Tíṣà kò gòkè. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn, bàtà òkú náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí ẹnikẹ́ni kò rántí gbà á.

"Títílọlá, bá mi kó ẹrù mi wá síbí. Ṣí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Títílọlá ní ẹgbẹ́ kò fún òun láṣẹ. Màmá ní kò burú, bí ẹgbẹ́ bá béèrè, kó ní Màmá Tíṣà ló rán òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà tó kù ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òmíràn jókòó lórí àtẹ̀gùn ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sùn.

Màmá sọdá ọ̀nà lọ bá Mùnírù. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ohun tó ń yọ Mùnírù lẹ́nu ni òjò tó ń ba abọ́ rẹ̀ jẹ́ àti ibi tí yóò kó ọjà pamọ́ sí. Ohun tó ń yọ Màmá lẹ́nu ni ògiri funfun. Mùnírù mú bíríkìlà kan wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lu ògiri náà. Eruku sọ lálá. Díákónì sáré dé, ó ń pariwo ọlọ́pàá. Màmá ní kó kọ́kọ́ gòkè, kí Mùnírù pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwọn tó dúró létí ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Díákónì bá mọ́tò rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sí ojú ọ̀nà níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níhà ibẹ̀, wọ́n sì na páànù jáde síwájú wọn. Mùnírù gba ọ̀kan, àwọn oníṣòwò mìíràn gba díẹ̀, àwọn àgbà ń gbé ìyókù. Yàrá òkè di ibi ìkẹ́rù. Abọ́ àti ìdì aṣọ kò bẹ̀rù igun àtẹ̀gùn, ooru kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Obìnrin kan dáná sí ẹ̀yìn, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oúnjẹ gbígbóná. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tò síwájú ìta lábẹ́ páànù, ẹni tó bá wá ra ìkòkò á kí wọn, wọ́n á béèrè ọmọ ta ni, wọ́n á sì sọ ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe nígbà kan fún un, yálà ó fẹ́ gbọ́ tàbí kò fẹ́.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Kọ́láwọlé. Díákónì dákẹ́ nítorí ìtìjú, Màmá dákẹ́ nítorí pé ọmọ náà kò béèrè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn akítẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń ṣàlàyé ògiri funfun fún wọn láti inú ọkọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè pa á dé. Wọ́n sá ata síwájú ilé rẹ̀. Ìkòkò so rọ̀ lókè ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ń gé èékánná níbi tí àwòrán rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àfonífojì ìmọ́lẹ̀, ohun yòówù tí ìyẹn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà nínú àwọn àlejò náà, ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ti rí àyè lórí bẹ́ǹṣì, ó ti jókòó. Ìyá kan bu omi fún un. Ó wò yí ká, ó ní nínú gbogbo ilé àgbà tí òun ti rí, èyí ló kọ́kọ́ ṣe òun bíi kí òun dúró síbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ronú pé kí àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ létí ọ̀nà, kí ẹrù wà lókè.

Kọ́láwọlé húkọ́. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ní i lọ́kàn," ó ní. "Ilé tó ń gba ìyípadà ni mo yà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kan yà á ní fọ́tò láàárín àwọn ìkòkò, Kọ́láwọlé sì fi ọwọ́ lé èjìká bàbá tó ń gé èékánná. Màmá Tíṣà wà lórí àga wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí àwọn àlejò ń gòkè lọ wo yàrá, Màmá pè é.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ mi ni."

"N kò bá ọ jà. Ọkùnrin tí wọ́n pọ̀n sọ̀kalẹ̀ láti òkè yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Kọ́láwọlé wo ilẹ̀. Ó ní òun gbọ́ nígbà náà, òun ti gbàgbé.

"Joseph ni. Pè é."

"Màmá, wọ́n ń dúró dè mí."

"Pè é."

Ó pè é, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Màmá ní kó tún un pè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu nínú kíláàsì. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó jókòó síwájú ìta gbọ́, ìyá kan sì dá a lóhùn pé kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Bàbá Joseph. Wọ́n ti ń ké pe Kọ́láwọlé láti òkè, ó sì gba àtẹ̀gùn lọ. Igun náà há mọ́ ọn ní èjìká, torí ó ti sanra díẹ̀ láti ìgbà tó ti yà á.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá Tíṣà wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ilé tàwọn náà ní iwájú ìta. Ìwé ìròyìn kan ti gbé fọ́tò Kọ́láwọlé jáde nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì mú un wá fún Màmá pẹ̀lú ìdùnnú, wọ́n ní kí Màmá sọ nǹkan nípa ọmọ wọn tó di gbajúmọ̀ akítẹ́ẹ̀tì.

Màmá wo fọ́tò náà, wọ́n ká ìwé ìròyìn, wọ́n fi fẹ́ ara wọn.

"Ó mọ àwòrán yà," ni wọ́n sọ.